Àwọn Ọ̀pẹ Tí Kòkúmọ́ Kò Kà

Libreville, ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ọdún 2024

Ẹ̀gbọ́n mi Kòkúmọ́,

Mo kúnlẹ̀ láti ìhín kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú ìtọ́jú ilé bàbá wa. Ṣé orúnkún yín ti ń fún yín ní ìsinmi? Ṣé Moyọ̀sọ́lá ọmọ yín ń ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́? Èmi náà wà. Ara kò le jù, kò sì dùn jù.

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn ohùn inú fóònù. Ẹ ní ohùn a máa sá lọ, ìwé kì í sá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, kí Solange aránṣọ kà á fún yín, kó má sì fo ohunkóhun.

Ẹ rántí Espérance, ará Kpoulou tí a jọ ń ta aṣọ àlòkù níbí. Ó lo ọgbọ̀n ọdún ní ìlú yìí. Nígbà tí àìsàn dé, àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la dáwó ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e relé. Báàgì méjì péré ló gbé. Òun kan náà ló máa ń sọ fún wa pé òun ní ilé, òun ní ilẹ̀, òun ní màlúù lọ́wọ́ àbúrò òun. Ó délé, kò bá ọ̀kankan. Láti ọjọ́ náà ni àwa obìnrin inú àjọ wa ti pinnu pé kí olúkúlùkù jókòó, kó kọ gbogbo ohun tó ní sí apá kan, kó kọ gbogbo ohun tó jẹ sí apá kejì, kó yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ohun tó bá kù, òun ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ó máa tún un ṣe, ká lè mọ̀ bóyá à ń gòkè ni àbí à ń rá pálá.

Mo ti ka aṣọ inú ìsọ̀ mi, mo ti ka owó àjọ, mo ti ka fírísà. Ohun tó tóbi jù nínú ohun tí mo ní kò sí níbí. Ọwọ́ yín ló wà: oko ọ̀pẹ Massè. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ni mo ti ń fi owó irúgbìn àti owó àwọn tó ń ro ó ránṣẹ́. Ilẹ̀ jẹ́ ti bàbá wa, owó igi jẹ́ tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ tiyín, ìdajì-ìdajì la sì fohùn ṣọ̀kan lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka àwọn igi náà.

Mo ń bèèrè nítorí pé owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ibi tí màá fi í sí. Ọmọbìnrin bánkì kan ní kí n tì í mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn fún ọdún mẹ́jọ, pé yóò máa bímọ. Ẹnì kan ń ta ilẹ̀ ní Calavi. Ọkàn mi sì ń sọ pé kí n fi kún ọ̀pẹ wa, ká gbin irú tuntun tó ń tètè so. Bí mo bá mọ iye igi tí a ní, màá mọ èwo ni kí n ṣe. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,
Bernadette Ọmọlará


Massè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọdún 2024

Ọmọlará àbúrò mi,

Ìwé rẹ dé. Solange kà á lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bó ṣe ń kà á, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù níbẹ̀, inú ẹ̀wù Ìyá Oyèkẹ́mi ni kí o lọ wá a. Èmi ni mò ń sọ èyí, òun ló ń kọ. Èmi kò mọ̀wé, o mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo bá sọ.

Mo kí ọ, mo kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Espérance yẹn ti kú ní Kpoulou lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sin ín dáadáa. Sọ fún wọn.

Ìṣirò tí ẹ ń ṣe yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń gun orí ìwọ̀n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìgbà wo ni yóò jẹun? Bàbá wa kò ka ohun tó ní rí. Bí wọ́n bá bi í pé, "Ògúnkọ̀yà, báwo ni oko rẹ ṣe tó?" yóò ní, "Mi ò tíì ro ó dé òpin rí."

Ṣùgbọ́n o bẹ̀ mí, mo sì kà á. Orúnkún ń dùn mí, mo sì rìn ín. Mo gbé igbá dání, igi kan, òkúta wẹ́wẹ́ kan. Igba igi ni. Ó pé géérégé, mi ò bù ú, mi ò sì fi kún un. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ tìrẹ, ìdajì jẹ́ tèmi. Kọ ọ́ síbẹ̀.

Ní ti ibi tí o máa fi owó sí: owó tí wọ́n bá tì mọ́lé fún ọdún mẹ́jọ, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Calavi ńkọ́? Mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà òjò. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tí a lọ kí. Ẹni tó ra ilẹ̀ níbẹ̀, ẹja ló rà. Ọ̀pẹ ni kí o gbìn. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ṣì ṣófo. Kí òjò àkọ́rọ̀ ṣáà ti rọ̀, mo ti múra tán.

Fi aṣọ òjò kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó gùn dé ẹsẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí tí Moyọ̀sọ́lá gbà lọ́wọ́ mi. Àti òróró tí wọ́n fi ń pa orúnkún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kan ilẹ̀,
Kòkúmọ́ Ògúnkọ̀yà


Massè, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, ọdún 2024

Bernadette,

O rí i pé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ ni mo fi pè ọ́.

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí ọ, mi ò gbọ́ èsì. Mo ti ṣán ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò sílẹ̀ dè ọ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó lọ, koríko ti bò ó padà. Mo ní bóyá ara rẹ kò yá. Mo ní kí Solange pè ọ́. Ó ní fóònù ń dún, o kò gbé e.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo wà nínú oko ọ̀pẹ pẹ̀lú Augustin adẹ́mu àti ẹnì kejì rẹ̀, a ń mu díẹ̀, nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lókè bí agbọ́n. Mo gbójú sókè. Ohun kan tó fẹjú bí àwo dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, ó ń wò mí. Ó lọ, ó bọ̀, ó gba orí gbogbo igi kọjá.

Augustin ní, "Bàbá, àwọn ọlọ́pàá ni."

Mo ní, "Kí ni mo jí?"

A tọ ariwo rẹ̀ dé ojú ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan jókòó lórí alùpùpù níbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ nǹkan kan bí ẹni ń pa iná orí.

"Ìwọ ta ni?"

Ó dìde, ó kí mi dáadáa. "Ràzákì ni mí, Bàbá, láti Pobè. Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Madame Bernadette ni, ti Gabon. Ó ní kí n bá òun ka igi òun."

"Igi ta?"

"Igi rẹ̀, Bàbá."

Augustin bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà! Àbúrò yín rán ojú wá ṣọ́ yín!" Ẹnì kejì rẹ̀ ní kí n gbọn ẹ̀wù mi wò, bóyá ọ̀pẹ kan á jábọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ti ròyìn rẹ̀ dé Adja-Ouèrè. Bí mo bá ti dé ibi tí àwọn onízẹ́mì ń gbé alùpùpù wọn dúró de èrò, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ wòkè o!"

Mo kà á fún ọ, Bernadette. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín, ọwọ́ mi ni mo fi kà á. O wá rán àlejò kó lọ kà á lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá tún nǹkan kà lẹ́yìn ẹni tó ti kà á, olè ló pe ẹni náà, kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Solange ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.

Kí ni mo fi ṣe ọ́? Dá mi lóhùn.

Kòkúmọ́


Libreville, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, ọdún 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo sì gbà pé inú ń bí yín. Inú ń bí èmi náà.

Ràzákì fi àwòrán ránṣẹ́. Ó fi àmì pupa sórí igi kọ̀ọ̀kan. Igba ó lé mẹ́tàlélógún ni. Mo ní kó tún un kà, bákan náà ló rí. Igba lẹ sọ fún mi, ẹ ní "géérégé". Igi mẹ́tàlélógún wà lẹ́yìn ilé àtijọ́, wọ́n ga, wọ́n ń so, ẹ ò sì kà wọ́n.

Kì í ṣe pé mo pè yín lólè tí mo fi rán an. Àwọn obìnrin àjọ ló ní kí olúkúlùkù mú ẹ̀rí wá, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló pa Espérance. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n tèmi kì í purọ́." Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Nígbà tí àwòrán náà dé, Nadège tó ń bá wa kọ ìwé àjọ pa ìwé rẹ̀ dé. Ó kàn ń wò mí bí a ṣe ń wo Espérance lọ́jọ́ tó ń di ẹrù. Ìtìjú yẹn ṣì wà lójú mi. Ọdún mélòó lẹ ti ń jẹ epo igi wọ̀nyẹn láìpín? Ó dáa, mi ò ní bèèrè.

Mo ti ṣe ìṣirò mi tán. Màá sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, kí ẹ má baà ní mo fi nǹkan pamọ́. Lápá ohun tí mo ní: ọjà inú ìsọ̀, owó àjọ, fírísà, ìdajì oko. Lápá ohun tí mo jẹ: owó ilé, owó ìwé ìgbélùú, owó tí mo yá lọ́wọ́ Nadège, owó ilé ẹ̀kọ́ Moyọ̀sọ́lá, àti ẹ̀yin pẹ̀lú orúnkún yín. Ohun tó kù kéré. Ó kéré débi pé mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé mo ṣì í ni.

Nítorí náà, mi ò ní fi owó mi sí ibi tí mi ò ti lè mọ iye ohun tí mo ní. Ilẹ̀ Calavi ni màá rà. Owó ọwọ́ mi kò tó o, mo sì ń ta ìpín tèmi nínú oko. Oníṣòwò kan wà ní Pobè tó máa ń ra ọ̀pẹ lóòró, á gé wọn lulẹ̀, á dá ẹmu wọn, á fi pọn ọtí sódábì. Ó ti gbà láti ra ọgọ́rùn-ún, àti ìdajì àwọn tí ẹ kò kà. Ẹ jẹ́ kó wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun.

Bernadette


Massè, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà, ọdún 2024

Bernadette,

Solange kà á dé ibi tí o ti kọ "àti ẹ̀yin", ó gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo ní kó kọ́kọ́ tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní, "Apá wo ló kọ mí sí?" Ó ní, "Apá ohun tí wọ́n jẹ, Bàbá." Mo ní kó lọ mu omi rẹ̀.

Gbèsè ni mí nígbà náà. Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú ọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin ní Àjàṣẹ́, o kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Orí èjìká mi lo jókòó sí títí dé Adja-Ouèrè, ká tó rí ọkọ̀. Mi ò mọ̀ pé gbèsè ló gbé ọ.

Jẹ́ kí n sọ ti àwọn igi ẹ̀yìn ilé. Iye wọn kò ti ẹnu mi jáde. Ràzákì rẹ ló kà wọ́n, kó máa ru ẹrù rẹ̀ kiri. Ní ilé wa, bí a bá bímọ, tí ìwọ́ rẹ̀ bá já, a kì í sọ ọ́ nù. Bàbá ọmọ á gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, á sin ìwọ́ síbẹ̀, á gbin ọmọ ọ̀pẹ lé e lórí. Ọ̀pẹ yẹn di ti ọmọ náà nìkan. A kì í tà á, a kì í fi dógò, ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an kò láṣẹ lórí rẹ̀. Epo rẹ̀ kì í dé ọjà. Òun la fi ń se oúnjẹ lọ́jọ́ tí a bá ń bọ àwọn òkú ilé, kí alààyè àti òkú lè pàdé nínú ìkòkò kan. Epo tí o ní mò ń jẹ láìpín nìyẹn.

Tèmi wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ìyá wa bí ṣáájú mi tí wọn kò dúró, àwọn tí wọ́n torí wọn sọ mí ní Kòkúmọ́. Àwọn lọ, ọ̀pẹ wọn dúró. Ti Moyọ̀sọ́lá wà níbẹ̀. Tìrẹ náà wà níbẹ̀.

O wá fẹ́ kí n kà wọ́n! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣé o kò mọ ìyẹn ni? O ní kí n ka oko, mo ka oko. Ẹ̀yìn ilé kì í ṣe oko. Àwa fúnra wa ló dúró síbẹ̀.

O lè ní, kí ló dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣáájú? Solange náà bi mí. Mo ní a kì í fi ilé han ọmọ ilé. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ti kúrò nílé láti kékeré ńkọ́?" Mo ní kó máa kọ̀wé lọ.

Ìpín rẹ nínú igba, tìrẹ ni. Bí o bá fẹ́ tà á fún ẹni tó máa gé e, mi ò ní dí ọ lọ́nà, kí o má baà tún rán agbọ́n sí mi. Ṣùgbọ́n àwọn igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ èso so dáadáa ni. Ọ̀pẹ tí a bá gé, oṣù kan ló fi ń sun ẹmu. Èyí tí a bá dá sí, ọmọ ẹni á bá a. Ìyẹn ni ìṣirò tèmi, kò sì sí bánkì kankan nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ dé ẹ̀yìn ilé. Tètè fèsì, kí oníṣòwò rẹ tó dé.

Kòkúmọ́, gbèsè rẹ


Libreville, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Bí mo bá ti mú bírò, ọwọ́ mi á kọ̀.

Mi ò mọ̀. Mo fi ìyá wa búra, mi ò mọ̀. Àǹtí tó tọ́ mi ní Àjàṣẹ́ kì í jẹ́ ká dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò sọ fún mi rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, ẹ ń mú mi lọ kí ará Massè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ń mú mi wo oko, ẹ kò mú mi dé ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ kan. Ọ̀pẹ mi wà níbẹ̀, ẹ sì ń jẹ́ kí n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí àlejò. Gbólóhùn kan ì bá tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi dù mí.

Ní ti ibi tí mo kọ yín sí: ìwé ìṣirò kò ní ibòmíràn fún ẹni tí à ń fowó ránṣẹ́ sí. Mo wá ibẹ̀, mi ò rí i.

Oníṣòwò náà ti sanwó fún mi, mo sì ti kó o fún oní-Calavi kí ìwé yín tó dé. Mi ò lè dá a padà. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ sí ọgọ́rùn-ún, ó sì gbà. Ó ní lẹ́yìn ìkórè àgbàdo lòun máa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ààlà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe é nítorí mi, ẹ ṣe é nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn ilé.

Ọmọlará yín


Massè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bernadette,

Wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ. Mo dúró tì wọ́n.

Kí wọ́n tó dé, mo ta màrìwò yí ẹ̀yìn ilé ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò rí ààlà. Mo sì pín oko: ìlà kan tìrẹ, ìlà kan tèmi, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kí o má baà sọ pé apá tó dára ni mo mú. Igi tó ń so jù nínú oko bọ́ sínú ìlà tìrẹ. Mo mọ̀ kí n tó pín in. Mi ò yí i padà.

Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ obì ṣáá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìgégi wọlé ní òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn fi kanrí, mo ń rí ojú ọ̀nà láti ibi tí mo dúró sí, ohun tí mi ò rí láti ìgbà tí igi wọ̀nyẹn ti ga jù mí lọ. Ìlà kan dúró, ìlà kan sùn. Augustin àti àwọn adẹ́mu ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n háyà láti dá ẹmu wọn. Ó ń kán sínú agolo tọ̀sán tòru, gbogbo Massè ń mu ọ́. Augustin gbé igbá kan wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò, ti àbúrò yín ni." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò gbà á.

Nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ, ọ̀gá náà wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ó dín ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún ni Madame gbowó rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ìjì oṣù keje ti wó ọ̀kan nínú ìlà tìrẹ. Ó ní, "Nínú èyí tó kù lóòró, èwo ló jẹ́ ti Madame?"

Gbogbo èyí tó kù nínú oko, tèmi ni. Mo lè fún un ní ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Solange tó ń kọ èyí ti gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò fún un?" Mo ní nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ ní gbèsè, kì í tún san kún un.

Mo gbé màrìwò sókè, mo ní kí ọkùnrin náà máa bọ̀. Mo mú un dé ìdí ọ̀pẹ ìwọ́ rẹ. Mo ní, "Òun nìyí. Kò sí ẹlòmíràn tó ní ìpín nínú rẹ̀."

Ó gbójú sókè, ó wò ó títí. Ó fi ọwọ́ gbá ara igi náà. Ó ní, "Èyí? Bàbá, ẹ má fi mí ṣeré. Ó ti gbó jù, ó ti ga jù, kò sí omi nínú rẹ̀. Epo tí ẹ̀rọ máa mu kí n tó gé e ju ohun tó máa sun lọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Màá dárí ẹyọ kan ji Madame." Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Má fi aṣọ òjò ránṣẹ́ mọ́, má fi òróró ránṣẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ Moyọ̀sọ́lá, màá wá a nínú ìlà tó kù. Pa orúkọ mi rẹ́ níbi tí o kọ ọ́ sí.

Bí ìgbà ìṣirò yín bá tún dé, fi èyí sápá ohun tí o ní: ọ̀pẹ kan, ní Massè, lẹ́yìn ilé. Níbi tí wọ́n ti ń kọ iye owó, kọ òfo. Ẹni tó mọ owó igi ló díye lé e bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ó ṣì dúró. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ti nawọ́ sí i pé kí wọ́n gé e.

Kòkúmọ́